Nitrate 90 wọlé, 200 jáde: ìwé iṣẹ́ lórí résìn mẹ́ta

Àyẹ̀wò omi kànga mi ló fa gbogbo wàhálà yìí. Bébà tí wọ́n fún mi kà báyìí: nitrate 90 mg/L, sulfate 120, chloride 35, bicarbonate 183. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí nitrate má kọjá 50 nínú omi mímu, torí àwọn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sì ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn kiri dáadáa mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí n sè é o, omi ló máa gbẹ lọ, nitrate á jókòó síbẹ̀, á tún wá ki sí i ni.

Mo ti gbọ́ pé résìn máa ń yọ nitrate. Résìn yìí, kóro róbótó kéékèèké bí iyanrìn ni, pọ́límà ni wọ́n fi ṣe é, ẹ dà á sínú páìpù, omi gba inú ẹ̀ kọjá, ó mú nitrate, ó fi chloride dípò ẹ̀, tó bá kún ẹ fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó tún di tuntun. Mo ní iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan nìyí. Ó gbà mí ju oṣù méjì lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, pẹ̀lú gbogbo ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀.

Ohun tí mo kó jọ

- Páìpù píláṣítíìkì tó mọ́ gaara, inú ẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 25, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80. Kó mọ́ gaara o, ẹ máa fẹ́ fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀
- Ìdérí méjì, táàpù kékeré kan fún ìsàlẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́
- Garawa lítà 20 mélòó kan, àti ike lítà 30 kan
- Síkéèlì tó lè wọn 0.01 gíráàmù
- Bébà àyẹ̀wò nitrate, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ lọ 0, 10, 25, 50, 100, 250
- Mítà TDS, èyí tó ń fi bí omi ṣe ń gbé iná díwọ̀n iyọ̀ inú ẹ̀ (mo máa tó sọ ohun tí ojú mi rí lórí èyí)
- Iyọ̀ tí wọn ò fi nǹkan kan kún
- Résìn mílílítà 200 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan

1. Omi ìdánwò

Omi kànga gan-an ni mo kọ́kọ́ lò, àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta, nitrate inú kànga já wálẹ̀, mi ò wá mọ̀ bóyá résìn ló ń ṣiṣẹ́ àbí òjò ló ń bá mi ṣe é. Mo da gbogbo ẹ̀ nù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po omi fúnra mi, kó lè jẹ́ pé omi kan náà ni résìn kọ̀ọ̀kan á bá pàdé. Fún lítà 20 omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú ẹ̀: sodium nitrate gíráàmù 2.47, sodium sulfate gbígbẹ 3.55, iyọ̀ lásán 1.17, sodium bicarbonate 5.04.

Ion ni gbogbo wọn, ìyẹn èérún tó gbé iná (charge) dání, iye iná yẹn ni mo ń pè ní ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká ka ọwọ́ wọn dípò ìwúwo wọn, torí ọwọ́ ni gbogbo ìjà yìí dá lé. Nitrate ní ọwọ́ kan, chloride ní ọ̀kan, bicarbonate ní ọ̀kan. Sulfate nìkan ló ní méjì. Tí ẹ bá kà á báyẹn, nínú lítà kan omi yìí nitrate jẹ́ 1.45 meq (meq ni wọ́n fi ń ka ọwọ́, 1000 ẹ̀ ló ń jẹ́ eq kan), sulfate 2.5, chloride 1, bicarbonate 3. Ẹ rántí 2.5 yẹn.

2. Kíkó résìn sínú páìpù (ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é)

Ìgbà àkọ́kọ́: mo ti ṣí àpò résìn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó ráyè ẹ̀. Tútù ni wọ́n ń tà á, nǹkan bí ìdajì ìwúwo ẹ̀ ló jẹ́ omi, tèmi sì ti gbẹ. Mo da omi lé e lórí, ni mo bá gbọ́ tí ó ń ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, mo tiẹ̀ rò pé ó dáa, pé ó ń mu omi ni. Àṣé kóro ló ń fọ́. Ìta kóro ti mu omi ó ti wú kí inú ẹ̀ tó mọ̀ pé omi dé, ni ó bá sán. Àwọn èérún ẹ̀ lọ dí asẹ́ pa. Bí ti yín bá gbẹ, inú omi iyọ̀ tó ki gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ wá máa fi omi là á díẹ̀díẹ̀, kó lè jẹ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni á máa wú.

Ìdí tó fi ń wú yìí wúlò láti mọ̀. Kóro yìí kì í ṣe òkúta, ẹ fojú inú wò ó bí òwú tó lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n. Styrene ni òwú náà, DVB (divinylbenzene) ni ìdè tó ń so òwú kan mọ́ èkejì. Tí DVB bá kéré, àwọ̀n ò dì, omi á kún inú ẹ̀. Lára àwọn résìn sulfonic tó ń mú cation (ion tí iná ẹ̀ jẹ́ òdì kejì ti nitrate), èyí tí DVB ẹ̀ jẹ́ 2% lè jẹ́ omi tó nǹkan bí 80%, èyí tó jẹ́ 8% á wà ní nǹkan bí 50%. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló ṣì mí lọ́nà níwájú.

Ìgbà kejì: mo fi aṣọ tín-ín-rín ṣe asẹ́ ìsàlẹ̀. Kóro résìn wà láàárín 0.3 sí 1.2 mílímítà, àwọn kékeré bá ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rí wọn nísàlẹ̀ garawa. Sọ́ọ̀kì náílọ́ọ̀nù obìnrin tí mo ṣẹ́ po méjì ló yanjú ẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni mo da résìn sí i kí n tó da omi sí i, afẹ́fẹ́ há sáàárín, omi wá rí ojú ọ̀nà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù ó ń gba ibẹ̀ sáré kọjá, ìdajì résìn ò rí omi rárá.

Ìgbà kẹta: omi dé ìdajì páìpù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo po résìn mọ́ omi, mo fi àrọ dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Mo wá da omi gba ìsàlẹ̀ lọ sókè fún ìṣẹ́jú 15 títí résìn fi gbéra sókè ní ìdajì gíga ẹ̀, tí èérún àti afẹ́fẹ́ fi bá òkè jáde, mo wá jẹ́ kó rọra rọ̀ sílẹ̀. Ó dúró ní sẹ̀ǹtímítà 41. Òórùn bí ẹja tí ẹ máa gbọ́ lára ẹ̀, amine ni, kẹ́míkà kan tó ní nitrogen, ẹ fi lítà 4 fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Mi ò mu omi kankan nínú gbogbo ìdánwò yìí o.

Mo ṣe táàpù kó máa sun lítà 4 ní wákàtí kan, ìyẹn ìlọ́po 20 résìn, mílílítà 67 ní ìṣẹ́jú kan. Fóònù àti ife oníwọ̀n ni mo fi tò ó.

3. Résìn àkọ́kọ́, àti òru tí mo sùn lọ

Èyí ni résìn tí gbogbo èèyàn ń lò, type 1 ni wọ́n ń pè é. Òwú styrene àti DVB, tí wọ́n kan èèkàn mọ́ lára. Èèkàn kọ̀ọ̀kan jẹ́ nitrogen kan tó gbé methyl mẹ́ta (ẹsẹ̀ kúkúrú tó ní carbon kan) dání, èèkàn yìí ni ion ń so mọ́. Bébà ẹ̀ sọ pé 1.3 eq ni lítà kan, ìyẹn 260 meq nínú mílílítà 200 tèmi.

Ìṣirò mi: 260 pín sí 1.45, ó fún mi ní lítà 179. Mo dùn. Ẹ ṣáà ti rí i, mo ṣírò bí ẹni pé nitrate nìkan ló wà nínú omi, àwọn tó kù ń wo àwòrán.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 àárọ̀. Mítà TDS ló kọ́kọ́ dà mí láàmú: omi wọlé ní 420, ó jáde ní 470. Mo yọ gbogbo páìpù, mo tún un fọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n, 470. Ó gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko kó tó yé mi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Résìn ò yọ iyọ̀ kúrò nínú omi, pàṣípààrọ̀ ló ń ṣe, ọwọ́ kan wọlé ọwọ́ kan jáde, chloride tó sì ń tú sílẹ̀ yẹn tètè ń gbé iná ju bicarbonate tó gbà lọ, ìyẹn ni mítà fi lọ sókè. Mítà TDS ò wúlò fún iṣẹ́ yìí, ẹ fi sílé.

Bébà nitrate ni mo wá gbára lé. Lítà 20: 0. Lítà 40: 0. Lítà 56, aago 10 alẹ́: 0. Mo ní ṣebí lítà 179 ni mo ṣírò, mo gbé ike lítà 30 sábẹ́ ẹ̀, mo lọ sùn.

Aago 4 ìdájí mo jí, lítà 80 ti kọjá. Mo ki bébà bọ omi tó ń jáde lẹ́nu táàpù, ó pọ́n ju 100 lọ. Mo ní bébà ti bàjẹ́. Mo mú òmíràn, bákan náà. Mo fi ife omi náà kan àti ife mẹ́ta omi tí kò ní nǹkan kan pò, ó fún mi ní 50. Ìyẹn 200. Omi tí mo fún un ní 90, ó fún mi padà ní 200! Kò kúkú mú nitrate yẹn fún mi, ó ń tọ́jú ẹ̀ kó lè dà á sí mi lára lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ká ní ilé ni mo ti so ó mọ́ ẹ̀rọ, tí ẹnì kan sì ń fi omi yẹn po oúnjẹ ọmọ ní òru yẹn ńkọ́?

Mo fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ (gíráàmù 40 nínú omi mílílítà 400), mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí alẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ kó lè jẹ́ pé ojúmọmọ ni lítà 56 máa bọ́ sí, mo sì jókòó tì í:

- 56: ó ń lọ sí 10
- 60: 50
- 64: ó ti kọjá 100
- 70: 200
- 78: 200
- 84: ó padà sí nǹkan bí 100
- 92: kò yí padà mọ́, bí omi ṣe wọlé ló ṣe ń jáde

Mo tún ń kán barium chloride sínú omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń di funfun tí sulfate bá wà níbẹ̀ (májèlé ni barium o, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ẹ má dà á sílẹ̀). Ní lítà 60 ó mọ́ lóló. Ní 70 ó mọ́ lóló. Ní 84 ó ṣú funfun. Ìgbà tí sulfate yọ sísàlẹ̀ gan-an ni nitrate padà sí bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mú olè náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sulfate ń fi ọwọ́ méjèèjì di èèkàn méjì mú nígbà kan náà, ó sì le láti já ẹni tó fi ọwọ́ méjì dì mú. Ó gba apá òkè résìn, ó lé nitrate tó wà níbẹ̀ kúrò, nitrate sún sísàlẹ̀, sulfate tún tẹ̀ lé e, ó tún lé e. Títí tí gbogbo nitrate tó ti kó láti àárọ̀ fi há sí ìsàlẹ̀ páìpù tí kò sì sí ibi tí wọ́n tún fẹ́ sá sí. Ni wọ́n bá jáde papọ̀.

4. Ojútùú tí kì í ṣe ojútùú

Mo lọ wá táábù (àtẹ iye). Èyí tí mo rí ni ti Bonner àti Smith, 1957, lórí résìn sulfonic, wọ́n fi lithium ṣe 1, wọ́n wá wọn bí résìn ṣe fẹ́ràn àwọn yòókù tó. Potassium: 2.27 tí DVB bá jẹ́ 4%, 2.90 ní 8%, 4.50 ní 16%. Fàdákà tiẹ̀ yà mí lẹ́nu, 4.73, 8.51, 22.9. Òwú kan náà, èèkàn kan náà, ìdè nìkan ni wọ́n fi kún, résìn bá di ẹni tó ń ṣa èyí tó wù ú.

Èmi náà ní ó parí, résìn tí ìdè ẹ̀ pọ̀ ni mo nílò. Mo wá èyí tí wọ́n ń pè ní macroporous, DVB ẹ̀ pọ̀, ó sì ní ihò gidi nínú kóro, ojú ò lè rí inú kóro ẹ̀ kọjá bíi ti àkọ́kọ́, ó ṣú bí wàrà. Mo ronú pé ihò á dá sulfate dúró, nitrate á kọjá wọlé, bí asẹ́.

Èèkàn ẹ̀ kéré díẹ̀, 1.1 eq ní lítà kan. Nitrate bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní lítà 50, ó gun òkè lọ sí 200 bíi ti àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ìyẹn.

Mo tún táábù yẹn kà, mo wá rí ohun tí mo fò. Lithium, potassium, fàdákà, ọwọ́ kan ni gbogbo wọn ní. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni aṣọ omi tí kálukú wọ̀, ìyẹn omi tó rọ̀ mọ́ ọn lára. Lithium kéré lára ṣùgbọ́n aṣọ omi ẹ̀ tóbi, tí àwọ̀n bá dì, kò sáyè fún ẹni tó wọ agbádá, résìn á yan potassium tí aṣọ ẹ̀ kéré. (Ti fàdákà tún ní nǹkan míì nínú, ó máa ń fà mọ́ èèkàn sulfonic fúnra ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan.) Ìjà tèmi kì í ṣe ìyẹn, ìjà ẹni ọwọ́ kan àti ẹni ọwọ́ méjì ni. Ti ihò ńkọ́? Ihò macroporous á máa tó ọ̀pọ̀ nanometer, nitrate àti sulfate ò sì ní tó ọ̀kan. Ó dà bí kéèyàn fi àwọ̀n ẹja sẹ́ iyanrìn. Macroporous ní iṣẹ́ tiẹ̀, ó máa ń pẹ́, kì í tètè fọ́, nǹkan ńlá bí ìdọ̀tí ewé tó rà sínú omi lè wọlé kó sì jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún un.

5. Ìdánwò inú ìgò, èyí tó yẹ kí n ti fi bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ omi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí mo ń fi lítà 100 dán résìn wò nígbà tí mílílítà méjì tó. Ó bu irú résìn kẹta fún mi díẹ̀, ó ní kí n fi kún un.

Lítà kan omi, nitrate 90 àti sulfate 120 nìkan ni mo fi sí i. Résìn mílílítà 2, mo fi sírínjì tí mo gé ẹnu ẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tó wà nínú omi, ẹ gbọn sírínjì kí résìn lè jókòó dáadáa kí ẹ tó ka ìlà. Mo dé ìgò, mo ń mì í nígbà tí mo bá rántí, ọjọ́ kan.

Type 1: bébà kà 50. Macroporous: láàárín 50 àti 100, ó sún mọ́ 50. Résìn kẹta: 25.

Ẹ wò ó, èèkàn résìn kẹta ló kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 1.0 eq ní lítà kan, síbẹ̀ òun ló mú nitrate jù. Mo kán barium sí omi ẹ̀, ó ṣú funfun gan-an, sulfate ṣì wà níbẹ̀ púpọ̀. Kò dá sulfate lóhùn.

Òwú kan náà ni o. Styrene àti DVB. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yí padà ni pé dípò methyl mẹ́ta lórí nitrogen, ethyl mẹ́ta ni wọ́n fi sí i. Carbon kan péré ni wọ́n fi gùn sí i lẹ́yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà:

Èyí àkọ́kọ́, orí èèkàn tóbi, èèkàn méjì ò lè sún mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Sulfate na ọwọ́ kan mú ọ̀kan, ó na èkejì, ọwọ́ ò tó o. Dennis Clifford àti Walter Weber ti kọ ọ́ láti 1983 pé bí èèkàn ṣe jìnnà síra wọn ló ń pinnu jù bóyá ẹni ọwọ́ méjì ló máa borí tàbí ẹni ọwọ́ kan. Ká ní mo ti ka ìyẹn kí n tó ka ti 1957 ni, mi ò bá má ra macroporous.

Èkejì, ethyl kì í fẹ́ràn omi, ó ń ṣe bí epo. Sulfate wọ aṣọ omi tó wúwo, bíbọ́ ẹ̀ sì ṣòro fún un, kò fẹ́ dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Nitrate ò wọ aṣọ púpọ̀, kò ní wàhálà kankan níbẹ̀.

6. Páìpù kẹta

Mílílítà 200, sẹ̀ǹtímítà 41, lítà 4 ní wákàtí kan, omi kan náà. Kò sí ohun tí mo yí padà.

Barium: sulfate ti ń jáde kí garawa àkọ́kọ́ tó kún. Ó dáa, kí ó máa lọ, kì í ṣe òun ni mo ń lé. Nitrate (lítà kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ohun tí bébà kà): 20, 0. 60, 0. 80, 0 sí 10. 90, 25. 98, 50. 110, nǹkan bí 100, ó sì dúró síbẹ̀. Mo jẹ́ kó ṣàn dé 140 torí mi ò gba ara mi gbọ́, bébà ò kọjá 100. Kò sí òkè. Nígbà tó kún, ó kàn dẹ́kun iṣẹ́ ni, kò da ẹrù ẹlẹ́rù lé mi lórí.

Fún èmi, èyí ṣe pàtàkì ju iye lítà lọ. Résìn tó rẹ̀ tó sì jẹ́ kí omi kọjá bó ṣe wà, mo lè fara mọ́ ìyẹn.

7. Iyọ̀, níbi tí résìn rere ti di alágídí

Mo fi gíráàmù 40 nínú mílílítà 400 fọ̀ ọ́ bí mo ṣe fọ ti àkọ́kọ́, láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ omi, lítà àkọ́kọ́ gan-an bébà ti wà láàárín 10 àti 25. Ó dé 50 ní lítà 70.

Mi ò ronú sí i pé ohun tó mú kó di nitrate mú dáadáa náà ni kò ní jẹ́ kó fẹ́ fi sílẹ̀. Ti type 1 rọrùn torí sulfate ló kún inú ẹ̀, tí omi iyọ̀ bá sì ki, agbára ọwọ́ méjì sulfate yẹn máa ń rọ, ó á jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Nitrate ò ní irú àìlera yẹn. Iyọ̀ mi lé e láti òkè wá sísàlẹ̀, kò tó láti lé e jáde tán, èyí tó ṣẹ́ kù há sẹ́nu ọ̀nà àbájáde, omi tuntun wá ń fọ̀ ọ́ bọ́ sínú garawa.

Ìgbìyànjú kìíní: iyọ̀ gíráàmù 80 nínú mílílítà 800, mílílítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 80. Ó ṣiṣẹ́, lítà 95 kó tó kan 50. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn pọ̀ lójú mi.

Ìgbìyànjú kejì: kí iyọ̀ gba ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó lè jẹ́ pé ẹnu àbájáde ni á kọ́kọ́ mọ́ jù. Résìn gbéra, ó lọ lẹ̀ mọ́ ìdérí òkè, iyọ̀ kàn ń gba àárín ẹ̀ lọ láìfọ nǹkan kan, rọ́bà tú, omi iyọ̀ fọ́n sí mi lójú. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò wọ ìgò ojú.

Ìgbìyànjú kẹta: mo gé fómù róbótó tó fún mọ́ páìpù, mo tì í wálẹ̀ títí ó fi tẹ résìn mọ́lẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dì í mú láti òkè. Iyọ̀ gíráàmù 60 nínú mílílítà 600, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wákàtí kan. Lítà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e: 0. Ó dé 50 ní lítà 96. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn. Àléébù ẹ̀ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ yọ fómù kí ẹ tó lè fi omi gbé résìn sókè láti fọ ìdọ̀tí ẹ̀, mo ń ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan nínú ìfọ̀ mẹ́ta.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi bóyá kí n lọ sí èyí tó ní butyl mẹ́ta (carbon mẹ́rin ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan), orí èèkàn ẹ̀ á tún tóbi sí i. Ó ní perchlorate, ìdọ̀tí míì tó máa ń wà nínú omi, ni wọ́n sábà ń fi mú, ó sì máa ń dì í mú débi pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í tún un fọ̀ mọ́, wọ́n á kàn dà á nù tó bá kún. Mo jáwọ́ níbẹ̀.

Omi iyọ̀ tó jáde yẹn, gbogbo nitrate lítà 96 ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má dà á sílẹ̀ nítòsí kànga, ẹ máa tún un mu ni. Inú ike ni tèmi wà, mo ń jẹ́ kó gbẹ.

8. Bó ṣe wà báyìí

Omi kànga gan-an ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Lítà 85 ni mo ti ń dá a dúró, mi ò ń dúró de 96, mo sì ń fi bébà yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo lítà 20. Ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀, chloride máa ń pọ̀ nínú omi torí ohun tí résìn ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn, bicarbonate á sì kéré, nítorí náà mo ń po lítà 20 àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ti mú omi ẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan, nitrate 6. Mo fẹ́ mú un lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ẹnikẹ́ni tó fi mu.

Type 1 àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìgò, mo rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ kó má tún gbẹ. Mi ò ní sọ ọ́ nù. Tí sulfate omi yín bá kéré gan-an, òun ló dáa jù fún yín, èèkàn ẹ̀ pọ̀, iyọ̀ díẹ̀ ló sì ń gbà. Ẹ kàn béèrè sulfate lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó ra nǹkan kan, ti macroporous tèmi ṣì ń wá ẹni tó máa gbé e lọ.